Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ẹgbẹ́ Kraftwerk, Àwọn Onílù Iná Mànàmáná Ilẹ̀ Jámánì

Bí ènìyàn bá wọ gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ Kraftwerk ti ń ṣeré, ohun àkọ́kọ́ tí yóò yà á lẹ́nu ni ohun tí kò rí. Kò ní rí ìlù aláwọ, kò ní rí gìtá, kò ní rí fèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rí ẹnikẹ́ni tí ń fò sókè tàbí tí ń làágùn. Ènìyàn mẹ́rin péré ni yóò rí, tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ lórí ìtàgé, olúkúlùkù lẹ́yìn tábìlì tirẹ̀ bí akọ̀wé ilé ìfowópamọ́. Wọn kì í sábà bá èrò sọ̀rọ̀, wọn kì í sábà rẹ́rìn-ín, wọn kì í sì í jó. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti inú àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ilẹ̀ a máa gbọ̀n, àwọn èrò tí wọ́n wà nísàlẹ̀ a sì bọ́ sí ijó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti béèrè pé: Ǹjẹ́ eré ni a lè pe èyí? Ta ni ń lù ú, ènìyàn ni tàbí ẹ̀rọ? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn ará Yúróòpù nìkan. Ó kan àwa náà, nítorí pé ẹ̀rọ ti wọ ilé orin wa, ó ti wọ ilé ìjọsìn wa, ó sì ti wọ òde ijó wa. Àwọn olùkọ́ wa sì ní láti mọ èsì tí wọn yóò fún ọmọ tí ó bá bi wọ́n pé kí ni ìlù lílù tún wúlò fún, nígbà tí ẹ̀rọ lè lù ú. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn ẹgbẹ́ yìí wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa. Bí a bá wò ó fínnífínní, a óò rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ó sọ wọ́n di olókìkí káàkiri ayé, bí kò ṣe ohun tí wọ́n mú láti ilé wọn wá sínú ẹ̀rọ náà.

ÀWỌN ỌMỌ Ẹ̀YÌN OGUN

Düsseldorf jẹ́ ìlú ńlá kan ní etí odò Rhine, ní apá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Jámánì, nítòsí àgbègbè tí wọ́n ti ń wa èédú tí wọ́n sì ti ń rọ irin láyé ìgbà náà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní ọdún 1945, bọ́ǹbù ti wó púpọ̀ nínú ìlú náà. Ní ọdún 1946 ni a bí Ralf Hütter. Ní ọdún 1947 ni a bí Florian Schneider. Ilẹ̀ tí wọ́n dàgbà sí jẹ́ ilẹ̀ tí ìtìjú bò mọ́lẹ̀ nítorí ìwà ìkà tí ìjọba Hitler hù sí ọmọ aráyé. Orin àti àṣà tí àwọn baba wọn fi ń yangàn ni ìjọba náà ti gbà lò fún ibi, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́. Orin àwọn tí ó ṣẹ́gun wọn, èyíinì ni ti Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gba orí rédíò kan. Ọ̀dọ́ Jámánì tí ó bá fẹ́ kọrin ìgbàlódé, gìtá ni yóò gbé kọ́rùn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sì fi kọ ọ́.

Àwa kò sọ pé ohun tí ó ṣe wọ́n àti ohun tí ó ṣe wá dọ́gba. Àwọn ni wọ́n dá ogun tiwọn sílẹ̀. Ilẹ̀ tiwa, àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n wá gbà á. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti rí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ń tijú láti sọ èdè ìyá rẹ̀ lójú ẹgbẹ́ yóò mọ irú àìsàn tí ń ṣe àwọn ọ̀dọ́ Jámánì nígbà náà.

Ibi tí Hütter àti Schneider ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ orin ni wọ́n ti pàdé. Schneider a máa fọn fèrè, Hütter a máa tẹ dùùrù. Ní ọdún 1970 wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Kraftwerk, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ilé iṣẹ́ tí a ti ń pèsè iná mànàmáná. Wọ́n ní ibi iṣẹ́ kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ìlú wọn, tí wọ́n pè ní Kling Klang, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń lọ bí òṣìṣẹ́ ti í lọ sí ibi iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ orin ni wọ́n tilẹ̀ ń pe ara wọn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Wolfgang Flür àti Karl Bartos, tí àwọn méjèèjì jẹ́ onílù, dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì di mẹ́rin.

BÍ ÀWỌN Ẹ̀RỌ NÁÀ TI Ń ṢIṢẸ́

Kì í ṣe Kraftwerk ni ó kọ́kọ́ fi iná mànàmáná dá ohùn. Ní ìlú Cologne, tí kò jìnnà sí Düsseldorf, ilé iṣẹ́ rédíò ti ní yàrá kan fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, níbi tí Karlheinz Stockhausen ti ṣe iṣẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ṣùgbọ́n orin àwọn ọ̀mọ̀wé ni orin Cologne. À ń jókòó gbọ́ ọ ni, a kì í jó o. Kraftwerk mú ohùn náà jáde kúrò nínú yàrá àwọn ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì fi ìlù sí i nídìí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé díẹ̀ fún àǹfààní àwọn olùkọ́ wa. Ohùn kò ju afẹ́fẹ́ tí ń gbọ̀n lọ. Bí a bá lu ìlù, awọ a gbọ̀n, awọ a sì mú kí afẹ́fẹ́ gbọ̀n. Nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní síńtẹ́sáísà, kò sí awọ, kò sì sí okùn. Agbára iná mànàmáná ni a mú kí ó máa lọ kí ó sì máa bọ̀, nígbà ọgọ́rùn-ún tàbí nígbà ẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn a sì sọ lílọ bíbọ̀ náà di gbígbọ̀n afẹ́fẹ́. Bí ó bá yára, ohùn a lọ sókè. Bí ó bá rọra, ohùn a wálẹ̀. Lẹ́yìn èyí, òṣèré a wá yọ apá tí kò fẹ́ kúrò nínú ohùn náà, bí ẹni tí ń fi asẹ́ sẹ́ ògì, títí ohun tí ó kù yóò fi rí bí ó ti wù ú.

Ìlù wọn pẹ̀lú, iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn ni. Ní ọdún 1973, wọ́n to irin pẹlẹbẹ kéékèèké sórí pátákó, wọ́n sì so wáyà mọ́ ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí onílù mú lọ́wọ́. Bí ọ̀pá bá ti kan irin, iná a kọjá, ohùn ìlù a sì dún. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé wọn kò lùlù kò wí òótọ́: ọwọ́ ń lọ, ọwọ́ ń bọ̀, ṣùgbọ́n iná ni ó dípò awọ.

Èyí tí ó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu jù lọ ni ẹ̀rọ tí ń fọhùn. Homer Dudley, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń ṣiṣẹ́ nípa tẹlifóònù ní ilé ìwádìí Bell, ni ó ṣe ẹ̀rọ tí ń jẹ́ vocoder ní àwọn ọdún 1930. Ẹ̀rọ yìí a máa gba ìrísí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ, a sì gbé e wọ ohùn mìíràn, títí yóò fi dà bí ẹni pé síńtẹ́sáísà ni ń sọ̀rọ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó ti gbọ́ dùndún rí kò ní ta gìrì sí èyí. Onílù wa a fún ọṣán, ohùn a gòkè. A dẹ̀ ẹ́, ohùn a sọ̀. Àwọn tí wọ́n wà láàfin a sì mọ orúkọ ẹni tí ń wọlé bọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè kíyè sí. Dùndún kì í sọ kọ́ńsónáǹtì, kì í sì í sọ fáwẹ̀lì. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń mú, etí wa a sì fi ìyókù kún un. Ní ti vocoder, fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì ni ó ń gbà láti ẹnu ènìyàn. Ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ tí ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ni ó ń fi sí i. Ibi tí ọ̀kan parí sí ni èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

ÈDÈ ILÉ WỌN NI WỌ́N FI JÁDE

Ní ọdún 1974, ẹgbẹ́ náà gbé àwo orin kan jáde tí wọ́n pè ní Autobahn, èyíinì ni ọ̀nà márosẹ̀. Orin tí ó fún àwo náà ní orúkọ gùn ju ìṣẹ́jú 22 lọ, ó gba ojú kan àwo náà tán. Ohun tí ó ń sọ kò ju ìrìn àjò nínú mọ́tò lórí ọ̀nà ńlá ilẹ̀ Jámánì lọ, èdè Jámánì ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó mọ ọjà orin nígbà náà ìbá ti wí pé irú orin bẹ́ẹ̀ kò lè rékọjá ààlà ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1975, àwo náà dé ipò 5 láàárín àwọn àwo tí wọ́n ń rà jù lọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ké sí àwọn onílù náà wá sí ọ̀hún láti wá ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ra àwo náà kò gbọ́ èdè Jámánì. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni ohùn tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni mìíràn. Bí Hütter àti Schneider bá ti fi gìtá àti èdè Gẹ̀ẹ́sì tọ̀ wọ́n lọ, kí ni wọn ìbá rí níbẹ̀ tí wọn kò ní nílé tẹ́lẹ̀? Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ náà wá ń túmọ̀ orin wọn sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan nínú rẹ̀ sí èdè Faransé àti ti Japan pẹ̀lú, kí àlejò lè bá wọn dá sí i. Èdè ilé wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì pa á tì nígbà tí ayé ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ọkọ̀ ojú irin, rédíò, kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ̀rọ ìṣirò: ohun tí ó yí wọn ká lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kọrin nípa rẹ̀. Àwọn àgbà wa ti wí i tán: ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

LÓRÍ ÌTÀGÉ NÍ ỌDÚN 1981

Ní ọdún 1981, nígbà tí wọ́n gbé àwo tí ó sọ nípa ayé kọ̀ǹpútà jáde, wọ́n tú ohun èlò Kling Klang palẹ̀, wọ́n sì rù ú lọ káàkiri ayé: Yúróòpù, Amẹ́ríkà, Japan, Íńdíà àti Australia. Wọ́n tò ó sórí ìtàgé lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì, pẹ̀lú àwọn àwòrán tí ń tàn lẹ́yìn wọn, tí ó fi dà bí ẹni pé èrò ni ó wá kí wọn níbi iṣẹ́.

Bí wọ́n bá kan orin tí ó sọ nípa ẹ̀rọ ìṣirò kékeré, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a fi ibi tí wọ́n dúró sílẹ̀, wọn a wá sí iwájú pátápátá pẹ̀lú ẹ̀rọ kéékèèké lọ́wọ́, wọn a sì na án sí àwọn èrò ìwòran kí àwọn náà tẹ̀ ẹ́. Òǹwòran a tẹ bọ́tìnnì, ohùn a dún, ariwo ayọ̀ a sì gba gbọ̀ngàn. Bí wọ́n bá kan orin nípa róbọ́ọ̀tì, ère mẹ́rin tí a ṣe ní àwòrán ara wọn a yọ síta, èrò a sì máa wo ère, a máa wo ènìyàn, a máa bi ara rẹ̀ léèrè èwo ni èwo.

Àwọn kan bínú sí èyí. Wọ́n ní ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ènìyàn, pé ẹni tí ó sanwó láti wo òṣèré kò yẹ kí wọ́n gbé ère fún un, àti pé orin tí ẹ̀rọ lè tún lù láìyẹsẹ̀ lọ́la kì í ṣe orin tí ó ní ẹ̀mí. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n òótọ́ tirẹ̀, nítorí pé apá kan nínú ohun tí à ń gbọ́ ni a ti là sílẹ̀ fún ẹ̀rọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Èsì wa ni pé kí a wo ohun tí ń yí padà láti orí ìtàgé kan dé òmíràn. Ní ọdún 1975 wọ́n gbé orin kan jáde nípa ìtànṣán olóró, tí kò fi bẹ́ẹ̀ bá ẹnikẹ́ni wí. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ iná Chernobyl bú gbàmù ní ọdún 1986, wọ́n yí orin náà padà; nígbà tí yóò fi di ọdún 1991, ó ti di orin ìkìlọ̀, tí ó ń ka orúkọ àwọn ibi tí irú àjálù bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí jàǹbá Fukushima ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2011, wọ́n lọ sí ilẹ̀ Japan ní ọdún 2012, wọ́n fi orúkọ ibẹ̀ kún un, wọ́n sì fi èdè àwọn onílé kọ ọ́ lójú wọn. Ẹ̀rọ kò lè mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní Japan. Ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n, ènìyàn ni ó sì pinnu ohun tí ó yẹ kí a sọ níbẹ̀. Bí onílù wa bá dé òde òkú, kì í lu ìlù ìyàwó. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà, yálà awọ ni ó fi lù ú tàbí iná.

ÀWỌN ỌMỌ ALÁWỌ̀ DÚDÚ GBÀ Á, WỌ́N SÌ SỌ Ọ́ DI TIWỌN

Apá tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ wa nínú jù lọ nínú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní àdúgbò Bronx ní New York, níbi tí ìṣẹ́ ti ń bá àwọn aláwọ̀ dúdú fínra, àwọn ọ̀dọ́ ń jó sí àwo àwọn ará Jámánì yìí ní òde ijó wọn. Ní ọdún 1982, Afrika Bambaataa àti ẹgbẹ́ Soulsonic Force gbé Planet Rock jáde. Wọ́n mú ohùn orin láti inú Trans-Europe Express tí Kraftwerk ṣe ní ọdún 1977, wọ́n mú ìlù láti inú òmíràn, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu tiwọn lé e. Ní Detroit, ìlú àwọn tí ń ṣe mọ́tò, Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson, ọmọ aláwọ̀ dúdú ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fetí sí irú ohùn yìí lórí rédíò, wọ́n sì dá orin tuntun sílẹ̀ tí ayé mọ̀ sí techno.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò kọrin ní èdè Jámánì, wọn kò sì ṣe bí ọmọ Düsseldorf. Ìlú tiwọn ni wọ́n fi sínú ẹ̀rọ náà: ilé iṣẹ́ mọ́tò tí ó ń ti ilẹ̀kùn, òpópónà tí ó dá páropáro, àti ìlù tí ó wà lára wọn. Nítorí náà ni òkìkí tiwọn fi kàn. Nígbà tí ògiri tí ó pín Berlin sí méjì wó ní ọdún 1989, orin Detroit ni ó wá ń mú àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ jó. Ọmọ aláwọ̀ dúdú wá di olùkọ́ ní ilẹ̀ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti wá.

LÁTI ÒDE IJÓ DÉ ILÉ ỌNÀ

Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, ilé ọnà ìgbàlódé ti New York gbà wọ́n lálejò fún alẹ́ mẹ́jọ, àwo kan lálẹ́ kan. Ní ọdún 2013 wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ nílé, ní Düsseldorf, lẹ́yìn náà ní ilé ọnà Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn òǹwòran wọ awò ojú tí ó mú kí àwòrán dà bí ẹni pé ó ń bọ̀ wá bá wọn. Ní oṣù keje ọdún 2018, ní Stuttgart, Alexander Gerst, ọmọ Jámánì tí ó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú tí ń yí ayé po, bá èrò sọ̀rọ̀ láti òkè ọ̀hún, ó sì bá wọn tẹ orin lórí ẹ̀rọ kékeré kan. Florian Schneider, tí ó ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2008, kú ní oṣù kẹrin ọdún 2020. Hütter kò dá eré dúró. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún tí ó ṣì ń dúró lẹ́yìn tábìlì rẹ̀.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Kí ni a óò wá rí mú nínú ọgbọ́n àwọn ará Jámánì yìí?

Lọ́nà kìíní, kí a má ṣe bẹ̀rù ẹ̀rọ, kí a má sì ṣe bọ ọ́. Kíbọ́ọ̀dù tí à ń rà lọ́jà ní ohùn méjìlá tí a ti gé sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró ní àyè tirẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Èdè wa kì í gun àtẹ̀gùn nìkan. A máa yọ́ gòkè, a sì máa yọ́ sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá gbé ohùn èdè wa sí ibi tí kò yẹ, ọkọ a di ọkọ́, ọkọ́ a di ọkọ̀. Àwọn ìjọ wa ti rí ìyà yìí nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin òyìnbó, tí ìtumọ̀ sì ń dàrú lẹ́nu akọrin. Ọ̀ràn yìí wà lára ohun tí T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó, rò jinlẹ̀ kí ó tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní ọdún 1953. Ẹ̀rọ òde òní lè yọ́ ohùn bí dùndún, bí ẹni tí ń lò ó bá mọ̀ pé ó yẹ kí ó yọ́. Ẹni tí kò gbọ́ dùndún rí kò ní mọ̀.

Lọ́nà kejì, iṣẹ́ olùkọ́ ni èyí kí ó tó di iṣẹ́ olórin. Ọmọ tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín bàtá àti dùndún, tí ó lè ka oríkì ilé rẹ̀, tí etí rẹ̀ sì gbọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ fún un láìbẹ̀rù. Yóò ní ohun tí yóò fi sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a fún ní ẹ̀rọ kí a tó fún un ní èdè, ìlù tí ará ilé iṣẹ́ òkèèrè ti kó sínú ẹ̀rọ náà ni yóò máa tẹ̀, yóò sì rò pé tirẹ̀ ni.

Àwọn ọmọ Düsseldorf bá ilé wọn ní ahoro, ìtìjú sì ń dí wọn lẹ́nu. Síbẹ̀ wọ́n fi èdè náà kọrin, ayé sì jó sí i. Èdè tiwa kò di ahoro. Ó wà lẹ́nu wa, ó wà lára ìlù wa, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ wa láti gbé e lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó tó tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́.